OPENSSL_malloc, secure_malloc àbí malloc lásán: èwo la ó fi gba ààyè fún kọ́kọ́rọ́?

Akẹ́kọ̀ọ́_C

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń kọ ètò kékeré kan ní èdè C tó ń fi AES-256 sọ fáìlì di àṣírí. OpenSSL 3.0, láíbírì tó ń sọ nǹkan di àṣírí, ni mò ń lò. Nǹkan mẹ́ta ló ń dà mí láàmú.

Àkọ́kọ́, mo pe BN_bn2hex kí n lè tẹ nọ́ńbà ńlá kan jáde, mo sì fi free() lásán dá ààyè rẹ̀ padà. Lórí Linux, ó ti lé lóṣù mẹ́ta tí mo ti ń lò ó, kò sí wàhálà. Ọ̀rẹ́ mi gbé e lọ sórí Windows, ètò náà kú lójú ẹsẹ̀, níbi free() yẹn gan-an.

Ìkejì, wọ́n kọ́ mi pé kí n máa fi memset sọ kọ́kọ́rọ́ di òdo kí n tó pe free(). Ẹnì kan tún wá sọ fún mi pé asán ni, pé kọ̀ǹpáílà lè yọ memset náà dànù. Ṣé òótọ́ ni?

Ìkẹta ló ká mi lára jù. Mo fi OPENSSL_secure_malloc rọ́pò malloc, torí mo kà á pé kì í jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ bọ́ sínú swap (ibi tí ẹ̀rọ ń kó mẹ́mọ́rì sí lórí dísíìkì) tàbí sínú fáìlì core (ẹ̀dà mẹ́mọ́rì ètò). Mo wá lo kọ́kọ́rọ́ ìdánwò kan, lẹ́tà 32 tí mo mọ̀ dáadáa. Bí ètò náà ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, mo fi gcore da mẹ́mọ́rì rẹ̀ sínú fáìlì, mo sì wá kọ́kọ́rọ́ náà nínú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bá a! Kí wá ni wọ́n ń pè ní "secure"? Kóòdù mi rèé:

```
unsigned char *kokoro = OPENSSL_secure_malloc(32);
FILE *f = fopen(ona, "rb");
fread(kokoro, 1, 32, f);
fclose(f);
/* EVP_EncryptInit_ex àti ìyókù iṣẹ́ wà níbí */
memset(kokoro, 0, sizeof(kokoro));
free(kokoro);
```

Alágbẹ̀dẹ

Àbúrò, káàbọ̀. Jẹ́ n mú ti àkọ́kọ́ kúrò nílẹ̀. Ohun tí OPENSSL_malloc bá gbà, OPENSSL_free ni kó dá a padà. Kò sí "ṣùgbọ́n" níbẹ̀. BN_bn2hex ló bá ọ gba ààyè yẹn, OPENSSL_malloc ló sì fi gbà á, bí o kò tilẹ̀ rí i.

Ìdí tó fi ń lọ wẹ́rẹ́ lórí Linux ni pé malloc kan náà ni OPENSSL_malloc ń pè nísàlẹ̀, nítorí náà àṣìṣe rẹ kò hàn. Lórí Windows, DLL ti láíbírì lè máa lo runtime C kan, kí ètò tìrẹ sì máa lo òmíràn, kálukú pẹ̀lú heap tirẹ̀ (àpò mẹ́mọ́rì tí malloc ń gé láti inú rẹ̀). O gba ẹrù lọ́wọ́ Táyé, o lọ dá a padà fún Kẹ́hìndé. Kẹ́hìndé ní òun kò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀.

Má sì rò pé torí o kò lo Windows, o ti bọ́. Bí o bá gbé kóòdù yìí lọ sórí BoringSSL (ẹ̀yà OpenSSL ti Google) lọ́la, Linux gan-an kò ní gbà ọ́. OPENSSL_malloc tiwọn máa ń kọ ìwọ̀n ààyè náà sí iwájú rẹ̀ kó tó fún ọ ní pọ́íntà, kí OPENSSL_free lè mọ iye báìtì tó yẹ kó nù. Pọ́íntà tó wà lọ́wọ́ rẹ kì í ṣe èyí tí malloc mú jáde. Bí o bá gbé e fún free(), o ti gbé ohun tí kò mọ̀ rí fún un.

Ìyá_Kóòdù

Mo fara mọ́ ọn. Kí n fi kún un: gbogbo fọ́ńṣọ̀n OpenSSL tó bá dá nǹkan fún ọ, wo orúkọ rẹ̀ dáadáa kí o tó pe free kankan. Èyí tó bá ní get0 nínú orúkọ, ó kàn yá ọ ní pọ́íntà ni, má fọwọ́ kàn án. Èyí tó bá ní get1, tìrẹ ni, ìwọ lo máa dá a padà. i2d_X509, bí o bá fún un ní àdírẹ́sì pọ́íntà kan tó jẹ́ NULL, ó máa gba ààyè fúnra rẹ̀, OPENSSL_free ló sì yẹ ẹ́. Àwọn ohun ńlá bíi X509, EVP_PKEY, EVP_CIPHER_CTX, kálukú ló ní _free tirẹ̀. OPENSSL_free kò tó fún wọn, torí wọ́n ní nǹkan míì nínú tí yóò máa jò.

Olùṣọ́_Òru

Mo wá fún ìbéèrè kejì, torí ibẹ̀ ni mo ti rí àṣìṣe méjì nínú ìlà kan ṣoṣo.

Òótọ́ lẹni yẹn sọ. Kọ̀ǹpáílà wò ó pé o kọ òdo síbì kan, o sì dá ibẹ̀ padà lẹ́yìn náà láìkà á. Lójú tirẹ̀, kò sẹ́ni tó máa rí òdo yẹn, kí ló dé tí yóò fi padánù àkókò? Ó yọ ọ́ kúrò. Èdè C fún un láṣẹ láti ṣe bẹ́ẹ̀. Bí o bá fún kọ̀ǹpáílà ní kóòdù rẹ pẹ̀lú -O2 (àṣẹ pé kó mú un yára), kí o sì wo assembly rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí o má rí memset náà rárá.

Ìdí nìyẹn tí gbogbo láíbírì irú èyí fi ní tirẹ̀. OpenSSL ní OPENSSL_cleanse, libsodium ní sodium_memzero, Mbed TLS ní mbedtls_platform_zeroize. OpenBSD (ètò ìṣiṣẹ́ kan bíi Linux) dá explicit_bzero sílẹ̀, glibc (láíbírì C ti Linux) gbà á wọlé ní ẹ̀dà 2.25 lọ́dún 2017. C23 (ìlànà èdè C) náà ti wá ní memset_explicit báyìí. Ọgbọ́n tí OPENSSL_cleanse ń lò dùn mọ́ mi: níbi tí kò bá ti sí assembly fún ẹ̀rọ náà, ó máa ń gba inú pọ́íntà fọ́ńṣọ̀n tó jẹ́ volatile pe memset. Kọ̀ǹpáílà kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé memset ló wà níbẹ̀, nítorí náà kò láyà láti yọ ọ́.

Àṣìṣe kejì wá burú ju ìyẹn lọ. Kókó rẹ̀ ni `sizeof(kokoro)`. Pọ́íntà ni kokoro, kì í ṣe àwọn báìtì tó ń tọ́ka sí. Lórí ẹ̀rọ 64-bit, 8 ni sizeof yẹn máa fún ọ. Ká tiẹ̀ ní kọ̀ǹpáílà kò yọ memset rẹ, báìtì 8 lo nù nínú 32. Ìyókù wà níbẹ̀ geere. Mo ti rí i nínú kóòdù àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí, kì í ṣe tìrẹ nìkan.

Fún ààyè lásán, kọ ọ́ báyìí: `OPENSSL_clear_free(kokoro, 32);` Ó ń nù ún, ó sì ń dá a padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn realloc, ẹ gbọ́ o. Bí ààyè tuntun bá bọ́ síbòmíràn, realloc á kọ nǹkan yín lọ síbẹ̀, á sì fi ẹ̀dà ti tẹ́lẹ̀ sílẹ̀ láìnù. OPENSSL_clear_realloc wà fún ìyẹn. Ó máa bi yín ní ìwọ̀n àtijọ́ àti ìwọ̀n tuntun, torí kò lè mọ̀ ọ́n fúnra rẹ̀.

Dídùn_dev

Ìbéèrè kẹta: ṣé o pe CRYPTO_secure_malloc_init níbì kankan? Mi ò rí i nínú kóòdù rẹ.

Bí o kò bá pè é, OPENSSL_secure_malloc á kàn ṣe bíi OPENSSL_malloc. Kò ní kìlọ̀, kò ní pariwo. Ó wà nínú ìwé wọn, àmọ́ orúkọ rẹ̀ ń tan èèyàn jẹ. Níbẹ̀rẹ̀ main, kí nǹkan mìíràn tó ṣẹlẹ̀:

```
int r = CRYPTO_secure_malloc_init(32768, 32);
if (r != 1) { /* sọ ọ́ sókè, kí o sì pinnu ohun tí o fẹ́ ṣe */ }
```

Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni ìwọ̀n gbogbo agbègbè náà, ìkejì ni ìwọ̀n tó kéré jù tí yóò máa gé fúnni. Méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ nọ́ńbà tí a rí nípa fífi 2 sọ ara rẹ̀ di púpọ̀: 16, 32, 64, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. 30000 kò ní ṣiṣẹ́. Bó sì ṣe ń gé e nìyẹn pẹ̀lú: bí o bá béèrè báìtì 33, 64 ló máa kúrò nínú àpò rẹ. Nígbà tí agbègbè náà bá sì kún, NULL lo máa gbà. Kò ní yọ́ lọ bá malloc lásán lẹ́yìn tí o ti pe init. Ẹ yẹ NULL wò, ẹ jọ̀ọ́.

Kọ́kọ́rọ́_Alẹ́

Ẹ kíyè sí `r != 1` tí Dídùn kọ yẹn o, kò ṣèèṣì. 0 ni ó kùnà, 1 ni ó yege, 2 ni ó yege àmọ́ kò rí agbègbè náà dáàbò bò. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, `if (!r)` la kọ. Ó ń dá 2 padà fún wa láti ọjọ́ tí a ti gbé e sórí sáfà, ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ààlà mlock (títi mẹ́mọ́rì mọ́ RAM kó má lọ sínú swap) ti sáfà náà ni wọ́n ti fún pa. Ẹ tẹ `ulimit -l` kẹ́ ẹ wo tiyín. Lórí kernel Linux àtijọ́, 64 KB ló sábà máa ń jẹ́. Láti 5.16 ni wọ́n ti gbé e sókè sí 8 MB.

Akẹ́kọ̀ọ́_C

Ẹ ṣé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo fi init sí i, ó dá 1 padà, inú mi dùn. Mo wá mú ètò náà ṣiṣẹ́, ó kú ní ìparí pẹ̀lú `free(): invalid pointer`. Linux ni o! Ṣé mo ti bà á jẹ́ ni?

Alágbẹ̀dẹ

Kí ni mo sọ fún ọ lókè? 😂 free(kokoro) ṣì wà ní ìlà tó gbẹ̀yìn. Tẹ́lẹ̀, malloc ló wà lẹ́yìn secure_malloc rẹ, ìdí nìyẹn tí free() fi gbà á. Ní báyìí, agbègbè tí mmap gbà tààrà lọ́wọ́ kernel ni pọ́íntà náà wà, glibc kò mọ̀ ọ́n rí. OPENSSL_free pàápàá kò lè bá ọ gbà á, torí free() lòun náà ń pè.

Lo OPENSSL_secure_clear_free(kokoro, 32). OPENSSL_secure_free náà máa ń nu ohun tó bá wà nínú agbègbè ààbò. Àmọ́ tí ẹnì kan bá gbàgbé init bíi tìrẹ, ààyè náà yóò jẹ́ ti malloc lásán, OPENSSL_secure_free á sì kàn dá a padà láìnù ú. Èyí tó ní clear nínú ń nù ún ní ọ̀nà méjèèjì. Nítorí náà, òun ni mo máa ń kọ nígbà gbogbo.

Ajá_Ọdẹ

Ẹ jẹ́ n da omi tútù sí i díẹ̀. Gbogbo ariwo mlock yìí, kí ló ń dá dúró? Swap nìkan. Bí èèyàn bá fi kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ sí hibernate, gbogbo RAM ló ń lọ sórí dísíìkì, mlock kò ní kí ó má lọ. Root (ọ̀gá ẹ̀rọ náà) lè ka mẹ́mọ́rì ètò rẹ nígbàkígbà tó bá wù ú. Lọ́dún 2008, àwọn olùwádìí ní Princeton fi hàn pé RAM ṣì máa ń mú nǹkan dání fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí iná bá kúrò lára rẹ̀, ó sì máa ń pẹ́ sí i tí wọ́n bá mú un tutù. Bí ètò rẹ bá fork (tó bí ẹ̀dà ara rẹ̀), ọmọ kò jogún mlock bàbá rẹ̀. Lójú tèmi, nù ún kíákíá, kí o sì máa bá iṣẹ́ rẹ lọ.

Olùṣọ́_Òru

Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ ni gbogbo ohun tí ẹ sọ, àmọ́ kì í ṣe swap nìkan ló wà níbẹ̀. Agbègbè ààbò OpenSSL ní ojú-ewé ìṣọ́ níwájú àti lẹ́yìn, tí kò ṣeé kà, tí kò ṣeé kọ. Bí báfà kan níbòmíràn bá kún àkúnwọ́sílẹ̀ tó sì ń rìn bọ̀ wá síbi kọ́kọ́rọ́, ètò náà á kú kó tó débẹ̀. Lórí Linux, ó tún ń fi MADV_DONTDUMP sí i, kí core má gbé e.

Ibi tí mo ti bá yín lọ pátápátá ni pé nínù ló kọ́kọ́ ṣe pàtàkì. Mlock láìnù, òfo.

Ìyá_Kóòdù

Ẹ rántí Heartbleed o, CVE-2014-0160, tí wọ́n kéde ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 2014. OpenSSL 1.0.1 títí dé 1.0.1f ni, 1.0.1g ni wọ́n fi tún un ṣe. Ẹni tó wà lẹ́yìn ìlà lè sọ pé òun fi báìtì tó pọ̀ ránṣẹ́, nígbà tí kò fi ju díẹ̀ lọ, sáfà yóò sì fi ohun tó bá wà nítòsí nínú heap dá a lóhùn, tó tó 64 KB lẹ́ẹ̀kan. Kò nílò swap, kò nílò core, kò nílò root. Kíkà kọjá ààlà lásán ni. Irú kíkà bẹ́ẹ̀ ni ojú-ewé ìṣọ́ wà fún.

Ohun tó bí àwọn OpenBSD nínú jù níbẹ̀ ni pé OpenSSL ìgbà yẹn ní àkójọ ààyè tirẹ̀ tó ń tún lò láì dá a padà fún malloc. Malloc ti OpenBSD ní ìṣọ́ tó lè mú irú àṣìṣe yìí, ó kàn jẹ́ pé ààyè náà kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí àwọn kan wá pa àkójọ yẹn, láíbírì náà kọ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa! Ibì kan wà tó ti dá báfà padà, tó sì ń retí pé bí òun bá tún béèrè, òun á bá ohun tí òun fi sínú rẹ̀. Oṣù yẹn náà ni LibreSSL, ẹ̀yà ti àwọn OpenBSD, ya kúrò lára OpenSSL. 1.1.0 ni OpenSSL fúnra rẹ̀ yọ àkójọ náà.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ fi CRYPTO_set_mem_functions gbé allocator (ohun tó ń gba ààyè) tiyín wọlé torí pé ó yára, ẹ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. AddressSanitizer àti Valgrind (irinṣẹ́ tó ń wá àṣìṣe mẹ́mọ́rì) kò ní rí nǹkan kan nínú agbègbè tí ẹ gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí ẹ wá ń gé fúnra yín. Bó bá sì di dandan, ẹ pè é kí OpenSSL tó gba ààyè kankan rárá. Bí ó bá ti gba ẹyọ kan péré, 0 ló máa dá padà fún yín, malloc àtijọ́ ló sì máa máa lò lọ.

Dídùn_dev

Ẹni tí kò bá tíì so ara rẹ̀ mọ́ OpenSSL, kó wo libsodium. sodium_malloc kò nílò init agbègbè lọ́tọ̀, sodium_init nìkan. Ó máa ń gbé ààyè náà sí ìparí ojú-ewé, kí ojú-ewé ìṣọ́ tẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí náà báìtì kan ṣoṣo tó bá kọjá, ètò ti kú. Ó fi àmì sí iwájú rẹ̀ tó ń yẹ̀ wò nígbà sodium_free, ó sì ń fi 0xdb kún ààyè tuntun kí ẹ má baà rò pé òdo ló wà níbẹ̀. sodium_mprotect_noaccess lè ti ilẹ̀kùn mọ́ kọ́kọ́rọ́ nígbà tí ẹ kò bá lò ó.

Ìnáwó rẹ̀ ni pé ẹyọ kan ń jẹ ojú-ewé mẹ́ta tàbí mẹ́rin lé e. Fún kọ́kọ́rọ́ mẹ́wàá, kò burú. Ẹ má lò ó fún gbogbo báfà. Ẹ sì ṣọ́ struct tí ìwọ̀n rẹ̀ kò bá bọ́ sí alignment, torí ìparí ojú-ewé ló ń ti ka ibi tí yóò gbé e sí.

Bit_Kékeré

Àwa tó ń kọ fún ẹ̀rọ tí kò ní OS ńkọ́? Kò sí mlock, kò sí swap, nígbà míì kò sí malloc. Mo lo Mbed TLS: MBEDTLS_MEMORY_BUFFER_ALLOC_C, mo fún mbedtls_memory_buffer_alloc_init ní báfà static kan, ó ń gé láti inú rẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. mbedtls_calloc ni gbogbo rẹ̀ ń lò, nítorí náà òdo ni ààyè tuntun máa ń jẹ́.

Akẹ́kọ̀ọ́_C

Mo padà dé. Mo ti yí gbogbo rẹ̀ sí secure_clear_free. Mo tún fi gcore wò ó bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́: tẹ́lẹ̀ ẹ̀ẹ̀mejì, báyìí ẹ̀ẹ̀kan. Ibo ni ọ̀kan yẹn ti wá?

Ajá_Ọdẹ

Má tíì yọ̀. Lẹ́tà 16 tó gbẹ̀yìn nínú kọ́kọ́rọ́ nìkan ni kí o wá, kí o tún kà á. Nígbà tí free bá gba ààyè, glibc lè kọ nǹkan tirẹ̀ sórí báìtì 16 àkọ́kọ́, bí o bá wá odindi 32, o kò ní rí ìyókù.

Akẹ́kọ̀ọ́_C

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kò ṣàṣìṣe. Ó di méjì padà. 😩

Olùṣọ́_Òru

Mo mọ ọ̀kan. FILE* ni. fread kì í ka fáìlì lọ sínú kokoro tààrà. Ó ń kà á sínú báfà ti stdio ná, tó wà nínú heap lásán, kó tó ṣẹ̀dà rẹ̀ fún ọ. fclose dá báfà yẹn padà láìnù. Pe `setvbuf(f, NULL, _IONBF, 0)` kété lẹ́yìn fopen, tàbí kí o lo open àti read. OpenSSL fúnra rẹ̀ ń pa báfà yìí nínú RAND_load_file.

Ọ̀kan yòókù, mo fura sí EVP_CIPHER_CTX (ctx), ohun tí OpenSSL fi ń di iṣẹ́ AES rẹ mú. AES máa ń na kọ́kọ́rọ́ sí àwọn kọ́kọ́rọ́ ìpele, báìtì 32 àkọ́kọ́ nínú ti AES-256 sì ni kọ́kọ́rọ́ rẹ gan-an. Lórí ẹ̀rọ tó ní AES-NI (ìtọ́ni AES nínú CPU), bó ṣe rí gẹ́lẹ́ ló wà. Inú heap lásán ni láíbírì ń gbé e sí, secure_malloc tìrẹ kò kàn án. EVP_CIPHER_CTX_free máa nù ún. Pè é gbàrà tí iṣẹ́ bá parí, má dúró dìgbà tí main bá parí.

Ohun kan tún kù. Gcore kò gbé agbègbè tó ní DONTDUMP, nítorí náà àìrí kọ́kọ́rọ́ rẹ nínú fáìlì kò fi hàn pé o ti nù ún. Nínú gdb, kọ́kọ́ tẹ `set dump-excluded-mappings on` kí o tó dá core.

Akẹ́kọ̀ọ́_C

Mo ti ṣe é. Pẹ̀lú setvbuf, tí ctx bá ṣì wà láàyè: ẹ̀ẹ̀kan. Lẹ́yìn EVP_CIPHER_CTX_free: òdo. Mo wá tan dump-excluded-mappings. Kí n tó pe secure_clear_free, ó hàn lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn rẹ̀, òdo. Ọ̀rẹ́ mi náà ti gbìyànjú ti BN_bn2hex lórí Windows pẹ̀lú OPENSSL_free, kò kú mọ́. Ẹ ṣé gan-an ni.

Alágbẹ̀dẹ

sizeof yẹn ńkọ́? O kò kúkú gbé e wọ inú secure_clear_free?

Akẹ́kọ̀ọ́_C

...Ó wà nínú fáìlì kejì, ẹ̀gbọ́n. Mò ń lọ yí i báyìí.